Sítírípù tí wọ́n fi ń yẹ ṣúgà wò, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni! Ẹ̀yin onískíríìnì Ṣómólú, ẹ wá gbọ́

Ẹni tó bá bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ BRT ní Onípáànù, tó wá forí lé inú Ṣómólú, kò ní pẹ́ kó tó mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni òórùn íǹkì yóò pàdé rẹ̀. Láti Bajulaiye dé Fádèyí, títí dé Bàrígà lọ́hùn-ún, ẹ ó rí ẹni tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó, ẹni tó ń gé bébà, ẹni tó ń to kalẹ́ńdà jọ, àti àwọn onískíríìnì tó ń tẹ orúkọ sára fìlà, báàgì àti síńgílẹ́ẹ̀tì. Ta ló ń ṣòwò l'Ékòó tí kò mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìtẹ̀wé, Ṣómólú ni?

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ náà ló mọ̀ pé iṣẹ́ onígbà ni. Àsìkò ìbò ló ni pósítà, ìparí ọdún ló ni kalẹ́ńdà àti dáyárì, òpin ọ̀sẹ̀ ló ni ìwé ètò òkú àti ti ìgbéyàwó. Bí àsìkò wọ̀nyí bá ti kọjá, ẹ̀rọ á dákẹ́, ṣùgbọ́n owó ṣọ́ọ̀bù kò ní dákẹ́, owó dísù jẹnẹrétọ̀ kò sì ní dákẹ́. Fóònù náà ti gba tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìwé ìpè ránṣẹ́ lórí WhatsApp báyìí dípò kí wọ́n tẹ káàdì.

Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa ọjà kan tó ń tà nílé ìtajà oògùn ní àdúgbò yín gan-an, tí ọ̀pọ̀ onítẹ̀wé kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn ni. Ọjà náà ni sítírípù, pelebe kékeré tí àwọn tó ní àrùn àtọ̀gbẹ ń kán ẹ̀jẹ̀ sí láti mọ iye ṣúgà tó wà lára wọn. Wọ́n á lò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sọ ọ́ nù, wọ́n á tún ra òmíràn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́ ni pé skíríìnì ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú pelebe yìí, irú skíríìnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yín. Ìkejì ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ nínú owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé parí sí, àti ibi tí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Bí ẹ bá gbé ọ̀kan nínú sítírípù náà sí ìmọ́lẹ̀, ẹ ó rí àwọn ìlà dúdú tàbí ìlà tó ń dán lórí ike tín-ín-rín. Ìlà dúdú yẹn, káábọ̀n ni, irú èyí tó wà nínú pẹ́ńsùlù. Wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n pò ó mọ́ ohun tó ń lẹ̀ títí tó fi di íǹkì, wọ́n wá fi skíríìnì tẹ̀ ẹ́ sórí ike náà. Ìlà tó ń dán sábà máa ń jẹ́ fàdákà tí wọ́n sọ di íǹkì bákan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń lo wúrà tàbí irin olówó ńlá mìíràn, ṣùgbọ́n káábọ̀n ló dínwó jù.

Iná mànàmáná kékeré ló ń gba orí ìlà wọ̀nyí kọjá. Ibi tí iná náà ti ń bá ẹ̀jẹ̀ tàbí omi pàdé ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ẹlẹ́kíróòdù. Méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń wà lórí sítírípù kan. Wọ́n á kán èròjà kan tó ń jẹ́ ẹ́ńsáìmù sórí ọ̀kan nínú wọn, wọ́n á sì jẹ́ kó gbẹ. Iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù yìí ni láti wá ṣúgà kàn láàárín gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti kàn án, á dì mọ́ ṣúgà, á gba iná bín-ín-tín lára rẹ̀, èròjà kejì tó wà níbẹ̀ á sì gbé iná náà lé káábọ̀n lọ́wọ́. Mítà tí wọ́n ki sítírípù bọ̀ á wá ka iye iná tó dé. Bí ṣúgà bá pọ̀, iná á pọ̀. Bí ṣúgà bá kéré, iná á kéré. Ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré ni ọ̀pọ̀ mítà òde òní fi ń ṣe gbogbo rẹ̀ tán.

Ohun tó yẹ kí oníṣòwò fi sọ́kàn níbí ni pé ọgbọ́n yìí kò mọ sórí ṣúgà nìkan. Bí wọ́n bá pààrọ̀ èròjà tí wọ́n kán sórí káábọ̀n, tàbí tí wọ́n bá yí bí wọ́n ṣe ń rán iná sí i padà, irú pelebe kan náà lè wá òjé nínú omi tàbí kẹ́míkà apakòkòrò lára ewébẹ̀. Skíríìnì kan ni, ọjà tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló pọ̀.

Nàìjíríà náà ti jẹ àǹfààní rẹ̀ rí. Ní ọdún 2010, nígbà tí òjé pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ní ìpínlẹ̀ Zamfara, nítorí pé wọ́n ń lọ òkúta wúrà tí òjé wà nínú rẹ̀ láàárín ilé, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ LeadCare II wà lára ohun tí àwọn dókítà fi yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà wò lóko tí kò sí láàbù. Sítírípù tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, tí iná ń gbà kọjá, ni ẹ̀rọ náà ń lò. Ìṣẹ́jú 3 ló fi ń sọ èsì.

BÍ Ó ṢE DI ỌJÀ

Ní ọdún 1962 ni Leland Clark àti Champ Lyons, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Cincinnati ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ẹ́ńsáìmù sórí ẹlẹ́kíróòdù láti mọ iye ṣúgà. Ní 1975, ilé iṣẹ́ Yellow Springs Instrument gbé ẹ̀rọ tó ń lo ọgbọ́n náà jáde fún títà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ láàbù ni, kì í ṣe ohun tí ìyá àgbà lè fi sínú pọ́ọ̀sì. Ní 1984, àwọn olùwádìí ní Cranfield àti Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé nípa èròjà kan tó ń gbé iná láti ara ẹ́ńsáìmù lọ sára káábọ̀n. Ọdún 3 lẹ́yìn ìyẹn, ní 1987, ilé iṣẹ́ MediSense gbé ExacTech wá sọ́jà, mítà tó rí bíi gègé ìkọ̀wé, pẹ̀lú sítírípù tí wọ́n tẹ̀, tí wọ́n ń lò tí wọ́n ń sọ nù. Ohun tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lè fi jókòó sílé yẹ ara rẹ̀ wò ni.

Ẹ wo ọgbọ́n ìṣòwò tó wà níbẹ̀. Mítà kọ́ ló ń mú owó gidi wá, sítírípù ni. Bí ìgbà tí ènìyàn ta àtùpà fún oníbàárà ni, tó sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ òun ni yóò ti máa wá ra kẹrosíìnì títí. Pàápàá jù lọ, sítírípù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà bá mítà ilé iṣẹ́ mìíràn mu, nítorí náà ẹni tó ti ra mítà ti di oníbàárà wọn nìyẹn.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ jù lọ sítírípù tó ń tà ní Nàìjíríà wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, bíi náírà 470 ni dọ́là kan lọ́dọ̀ ìjọba. Kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí, ó ti kọjá 1,500. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí gbogbo ọjà tí wọ́n ń fi dọ́là rà. Ẹni tó yẹ kó máa yẹ ṣúgà rẹ̀ wò lójoojúmọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi pamọ́, á ní kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Àtọ̀gbẹ kì í dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ní tirẹ̀. Ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ ló máa ń bá jà. Bí pelebe yìí bá lè dínwó, kì í ṣe èrè nìkan ló wà níbẹ̀.

PẸ́ŃSÙLÙ, BÉBÀ ÀTI KÚTẸ́Ẹ̀SÌ

Láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni àwọn olùwádìí káàkiri àgbáyé ti ń wá bí wọn yóò ṣe fi ohun tó wà nínú ilé ṣe irú pelebe yìí, kí owó rẹ̀ lè wálẹ̀. Ní 2007, ikọ̀ George Whitesides ní Yunifásítì Harvard fi hàn pé bébà lásán lè gbé omi gba ojú ọ̀nà tí wọ́n là fún un, láti fi ṣe àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn lẹ́yìn wọn lo ọ̀dà àbẹ́là láti fi la ọ̀nà náà, nítorí omi kì í gba ibi tí ọ̀dà bá wà kọjá. Ní 2009, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Chulalongkorn ní Thailand àti Colorado State ní Amẹ́ríkà wá fi skíríìnì tẹ íǹkì káábọ̀n sórí irú bébà bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi wá ṣúgà àti èròjà méjì mìíràn, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin onískíríìnì, ṣé ẹ gbọ́?

Pẹ́ńsùlù náà kò gbẹ́yìn. Ohun tó wà nínú pẹ́ńsùlù, gíráfáìtì tí wọ́n pò mọ́ amọ̀ ni, gíráfáìtì sì jẹ́ irú káábọ̀n tó ń gbé iná. Èyí tí wọ́n kọ 8B sí lára, tí àwọn ayàwòrán ń lò, ní gíráfáìtì ju HB tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò lọ. Nígbà àrùn kòrónà, ní 2021, ikọ̀ César de la Fuente ní Yunifásítì Pennsylvania fi gíráfáìtì inú pẹ́ńsùlù ṣe ohun àyẹ̀wò kan tí wọ́n pè ní LEAD. Wọ́n ní èròjà tó wọ àyẹ̀wò kan kò ju dọ́là kan àbọ̀ lọ, èsì sì ń jáde láàárín ìṣẹ́jú 6 àbọ̀.

Àwọn mìíràn, pàápàá ní Brazil, lọ gíráfáìtì kúnná, wọ́n pò ó mọ́ kútẹ́ẹ̀sì, irú èyí tí àwọn obìnrin ń kùn sí èékánná, wọ́n sì ti fi ṣe íǹkì tó ń gbé iná. Igi dúdú inú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, káábọ̀n náà ni. Fàdákà tí wọ́n bá ti ri bọ inú bílíìṣì ìfọṣọ á ní awọ tó ṣókùnkùn lára, awọ yẹn gan-an ni wọ́n ń wá, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí òǹkà mítà máa ṣáko lọ sókè sódò. Ní ti ẹ̀rọ tó ń ka iná ọ̀hún, àwọn olùwádìí kan ní Santa Barbara ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán ọ̀kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2011, wọ́n pè é ní CheapStat. Ẹni tó mọ sódà í lò lè tò ó, àwọn tó ṣe é sì ní kò tó dọ́là 80.

Àwọn tó ń ta ẹja tútù náà ní tiwọn níbẹ̀. Ní 2019, ikọ̀ Firat Güder ní Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù ya káábọ̀n sórí bébà, wọ́n sì fi mọ ìgbà tí ẹran tàbí ẹja bá ti ń bàjẹ́ nínú ọ̀rá, nípa afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára rẹ̀. Sẹ́ǹtì méjì owó Amẹ́ríkà ni wọ́n ní ọ̀kan ń ná wọn. Ẹni tó bá ti ra òkú Èkó tó ti rọ̀ rí, tí iná NEPA ti bà jẹ́ nínú fírísà, mọ ohun tí irú bébà bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún.

Ẹ lè dán èyí wò ní ṣọ́ọ̀bù yín lónìí. Ẹ mú pẹ́ńsùlù tó dúdú dáadáa, ẹ fà á léraléra títí tí ìlà náà á fi nípọn tó sì ń dán lórí bébà. Ẹ yá mítà tí àwọn oníná fi ń yẹ wáyà wò, kí ẹ fi ẹnu wáyà rẹ̀ méjèèjì kan ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí ìlà náà. Mítà á ka nǹkan. Ẹ wá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìlà dúdú tí ẹ fi íǹkì ìtẹ̀wé yín tẹ̀, ẹ ó rí i pé kò ní kà á bíi ti pẹ́ńsùlù. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín íǹkì tó kàn dúdú àti íǹkì tó ń gbé iná nìyẹn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó bá sáré wọnú iṣẹ́ yìí yóò ti kọ́kọ́ ṣubú.

OHUN TÍ Ẹ TI NÍ, OHUN TÍ Ẹ KÒ Ì TÍÌ NÍ

Ẹ jẹ́ ká fi iṣẹ́ yín wé iṣẹ́ náà. Wọ́n á ta aṣọ skíríìnì sórí férémù, ẹ ti ń ṣe é. Wọ́n á fi rọ́bà fa íǹkì kọjá, ẹ ti ń ṣe é. Wọ́n á tẹ fàdákà, wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ́, wọ́n á tẹ káábọ̀n lé e, wọ́n á tún fi íǹkì tí kì í gbé iná bo ibi tí wọn kò fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kàn. Ẹni tó ń tẹ sítíkà aláwọ̀ mẹ́ta mọ bí àwọ̀ kan kò ṣe ní yẹ̀ kúrò lórí èkejì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gé e. Ẹ̀rọ ìgébébà pọ̀ ní Ṣómólú.

Ìṣirò rẹ̀ náà rọrùn. Ká ní sítírípù kan fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, tó sì gùn ní sẹ̀ǹtímítà 3 àbọ̀. Bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó gùn ní 29.7. Bí ẹ bá to 20 sí ìbú, kí ẹ to ìlà 8 sí òró, 160 ni yóò wà lórí bébà kan, etí tí ẹ ó di mú yóò sì ṣẹ́kù. Bébà 100 yóò fún yín ní 16,000. Iṣẹ́ tí onískíríìnì méjì kò ní fi gbogbo ọjọ́ tẹ̀ tán nìyẹn fún ìpele kan.

Níbi tí iṣẹ́ ti yàtọ̀ gan-an ni pé, bí sítíkà kan bá dúdú ju èkejì lọ díẹ̀, oníbàárà kò ní mọ̀. Bí ìlà káábọ̀n kan bá nípọn tàbí fẹ̀ ju èkejì lọ díẹ̀, nọ́ńbà tí mítà yóò sọ ti yí padà nìyẹn. Nínú 160 yẹn, mélòó ni yóò sọ ohun kan náà? Ìlànà àgbáyé tó wà fún mítà ṣúgà, ISO 15197 ti ọdún 2013, sọ pé nínú èsì 100, 95 ó kéré tán gbọ́dọ̀ sún mọ́ èsì láàbù, kó má fi ju ìdá 15 nínú 100 yàtọ̀ sí i, nígbà tí ṣúgà bá ti tó 100 sókè lórí òǹkà mg/dL. Bí ó bá kéré sí 100, kò gbọ́dọ̀ fi ju 15 yàtọ̀. Eruku ọyẹ́, òógùn ọwọ́, aṣọ skíríìnì tó ti rọ̀, rọ́bà tí etí rẹ̀ ti jẹ, gbogbo wọn ló lè ba èyí jẹ́.

Ẹ́ńsáìmù náà tún wà níbẹ̀. Ohun tó ń bàjẹ́ ni. Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ọ̀pọ̀ páálí pé kí wọ́n má fi síbi tó gbóná ju 30 lórí òǹkà Celsius lọ, tí ìgò rẹ̀ fi ń dé pinpin, tí wọ́n sì ń fi ohun tó ń fa omi sínú rẹ̀. Ẹni tó mọ bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń gbóná lọ́sàn-án ní Ṣómólú nígbà tí kò bá sí iná, ó mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

IBI TÍ EWU WÀ

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kó yé wa. Ẹnì kan ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlín. Ṣúgà rẹ̀ wà ní 90, ó dára. Sítírípù tí kò péye sọ fún un pé 250 ni. Á gún abẹ́rẹ́ láti fà á wálẹ̀. Ṣúgà á já wá sílẹ̀ kọjá ààlà, òógùn á bò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, ó lè dákú, ó sì lè kú. Kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ onítẹ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, a kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni lọ tẹ sítírípù ẹ̀jẹ̀ lọ́la kó máa tà á. Òfin kò gbà á. Àjọ NAFDAC ló ń fi orúkọ irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lè tà, MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ àyẹ̀wò ìṣègùn, sì ní ọwọ́ nínú yíyẹ ohun àyẹ̀wò wò. Ìlànà ISO 13485 tún wà fún ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ohun èlò ìṣègùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni páálí: bí ẹnì kan bá gbé páálí sítírípù tàbí ti oògùn wá fún yín láti tẹ̀, ẹ bèèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ NAFDAC àti lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó ni ọjà náà. Bí kò bá ní in, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ. Owó páálí 1,000 kò tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá.

IBI TÓ YẸ KÍ Ẹ TI BẸ̀RẸ̀

Ọ̀nà tó mọ́ wà, ó sì súnmọ́ yín. Ẹlẹ́kíróòdù lásán, tí wọn kò tíì kán ẹ́ńsáìmù kankan sí, tí kò sì sí ẹni tó sọ pé ó ń yẹ àrùn wò, ohun tí láàbù kẹ́mísìrì ń lò fún ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni. Yunifásítì Èkó wà ní Akọ́kà, ẹ̀gbẹ́ Bàrígà gan-an. Yaba College of Technology àti NIMR, ilé ìwádìí ìṣègùn ìjọba àpapọ̀, wà ní Yábàá. FIIRO, tó ti ń ṣèwádìí fún àwọn ilé iṣẹ́ láti 1956, wà ní Oṣòdì. Ẹlẹ́kíróòdù tí irú ilé ẹ̀kọ́ báwọ̀nyí bá rà lókè òkun, dọ́là ni, ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Ẹni tó lè tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú kó sì fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan náà ní ohun tó lè bá wọn sọ.

Ẹ má dá a ṣe. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Onítẹ̀wé mọ skíríìnì, kò mọ kẹ́mísìrì. Onímọ̀ kẹ́mísìrì mọ èròjà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ 16,000 tí gbogbo wọn yóò rí bákan náà. Ẹ tọ olùkọ́ tó ń ṣe irú ìwádìí yìí lọ, kí ẹ mú iṣẹ́ ọwọ́ yín dání. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ níwájú lọ́yà: ta ló ni àwòrán, ta ló ni íǹkì tí ẹ jọ pò, báwo ni owó yóò ṣe pín.

Owó íǹkì káábọ̀n gidi àti ti fàdákà kò kéré, ìgò kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Onískíríìnì mẹ́rin tàbí márùn-ún lè dá àjọ rà á, kí wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ tẹ bébà kan, ẹ gé e, ẹ ṣa 20 láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti àárín rẹ̀, kí ẹ fi mítà oníná wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé. Bí nọ́ńbà tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù bá jìnnà síra, iṣẹ́ kò tíì tó tà. Ẹ wo bí aṣọ skíríìnì yín ṣe le tó, ẹ wo ọwọ́ ẹni tó ń fa rọ́bà, ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbẹ ẹ́, kí ẹ tún òmíràn tẹ̀. Ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí yẹn ni ọjà yín, nítorí òun ni ẹni tó fẹ́ rà yóò kọ́kọ́ béèrè.

Bí èyí bá ti dúró, ẹ lè bá àwọn onímọ̀ wọ ti omi àti ti ẹja. Ti ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ni kó kẹ́yìn, lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ní àṣẹ. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti ń yọjú ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ ìlera àgbáyé WHO kéde pé Codix Bio, ilé iṣẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti gba àṣẹ láti lo ìmọ̀ SD Biosensor fún ṣíṣe ohun àyẹ̀wò kíákíá. Ti ìlà aláwọ̀ ni ìyẹn, kì í ṣe ti iná, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó bá ń ṣe àyẹ̀wò níbí yóò máa wá ẹni tí yóò bá a tẹ nǹkan. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu àṣẹ tó mú owó ibodè kúrò lórí àwọn ẹ̀rọ àti èròjà kan tí wọ́n fi ń ṣe oògùn àti ohun èlò ìṣègùn níbí. Ẹ bi àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù bóyá ó ṣì wà níṣẹ́, àti bóyá íǹkì tí ẹ fẹ́ kó wọlé wà lára wọn, kí ẹ tó sanwó.

Kò sí ẹni tí yóò di olówó lórí èyí láàárín oṣù 3. Onítẹ̀wé tó bá sì lo àsìkò tí ẹ̀rọ dákẹ́ láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ìlà káábọ̀n 160 tí gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà, ó ti ní iṣẹ́ tí kò dúró de ìbò, tí kò dúró de kalẹ́ńdà, tí WhatsApp kò sì lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́kọ́ gbé bébà àkọ́kọ́ tó bá tẹ̀ lọ fún onímọ̀ kẹ́mísìrì wò, kó tó gbé e lọ fún oníbàárà.